Jay Ajayi: ṣé ẹsẹ̀ asáré ló rọ ni, àbí wọn kò la ọ̀nà fún un?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà Miami Dolphins kéde pé àwọn ti yọ̀ǹda asáré wọn, Jay Ajayi, fún Philadelphia Eagles. Ohun tó kọ́kọ́ ya ọ̀pọ̀ alátìlẹ́yìn lẹ́nu ni ohun tí wọ́n gbà lórí rẹ̀. Wọn kò gba owó, wọn kò sì gba agbábọ́ọ̀lù mìíràn. Àǹfààní láti mú ọ̀dọ́ kan ṣoṣo ní ìpele kẹrin, nígbà tí líìgì bá ń pín àwọn ọmọ yunifásítì fún àwọn ẹgbẹ́ ní ọdún 2018, ni gbogbo ohun tí wọ́n gbà. Ọkùnrin tí wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ yìí ti sáré 1,272 yáàdì ní sáà tó ṣáájú.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní Miami ní ó ti tó bẹ́ẹ̀, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni Ajayi kò ti rí nǹkan gidi ṣe. Àwọn mìíràn ní akọ́nimọ̀ọ́gbá Adam Gase ló ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ní Philadelphia, tiwọn yàtọ̀: ẹgbẹ́ tó ti borí nínú ìdíje méje nínú mẹ́jọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ ṣe? Èmi ka ọ̀rọ̀ náà sí pàtàkì ju pé ọmọ tó ń jẹ́ Àjàyí ló wà nídìí rẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i wà lára àpẹẹrẹ tó dára jù lọ tí mo mọ̀ nípa bí ó ti ṣòro tó láti mọ ẹni tí a ń dá lẹ́jọ́ nígbà tí asáré bá ń jáni kulẹ̀.

Bí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣe ń lọ kò le. Láti orí ìlà góòlù kan dé ìkejì jẹ́ 100 yáàdì, yáàdì kan sì fi díẹ̀ dín sí mítà kan. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti sún síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n á tún gba mẹ́rin mìíràn. Bí wọn kò bá ṣe é, bọ́ọ̀lù á bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Quarterback, ìyẹn olùdarí wọn lórí pápá, lè ju bọ́ọ̀lù, ó sì lè fi í lé asáré lọ́wọ́. Asáré yìí, tí wọ́n ń pè ní running back, á gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, á sì forí lé àárín àwọn òmìrán. Bó bá ń rí yáàdì mẹ́rin ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, inú gbogbo ènìyàn á máa dùn sí i. Bó bá ń rí mẹ́ta àti díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún kan wà níwájú rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ni láti ti àwọn alátakò kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wúwo ju 130 kìlógíráàmù lọ. Yàtọ̀ sí ẹni àárín tó ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún quarterback, ó ṣọ̀wọ́n kí èyíkéyìí nínú wọn fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé, nítorí náà ojú wa kì í sí lára wọn. Ìṣirò tí wọ́n sì ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ asáré kò dárúkọ wọn rárá.

Ó tún yẹ kí a mọ bí pàṣípààrọ̀ ṣe rí níbẹ̀, torí kò rí bí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí àwa mọ̀. Bí Arsenal bá fẹ́ ta agbábọ́ọ̀lù kan, ẹni náà gbọ́dọ̀ gbà láti lọ, kí òun àti ẹgbẹ́ tuntun sì fẹnu kò lórí owó ọ̀yà rẹ̀. Ní NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìwé àdéhùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbé láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé a kò gbọ́dọ̀ gbé wọn lọ láìgba àṣẹ lẹ́nu wọn, agbábọ́ọ̀lù kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó lè jí ní Miami kí ó sùn ní Philadelphia. Bí dókítà ẹgbẹ́ tuntun bá yẹ̀ ẹ́ wò tí ara rẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà lè yí padà. Ó máa ń dùn mí pé àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n lé asáré kan dànù kì í sábà rántí pé ọmọ ènìyàn ló fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí Ajayi ní ọdún 1993, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìfẹ́ Arsenal kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní yunifásítì Boise State, ní sáà 2014, ó sáré ju 1,800 yáàdì lọ, ó sì tún gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i fún yáàdì tó lé ní 500. Kò sí ẹni tó tíì ṣe méjèèjì pọ̀ ní sáà kan rí ní ìpele gíga jù lọ bọ́ọ̀lù yunifásítì. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń pín àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 2015, ẹni 149 ni wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Orúnkún ló fà á. Iṣan orúnkún rẹ̀ kan ti já nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yunifásítì, ẹ̀rù sì ń ba àwọn dókítà àwọn ẹgbẹ́ pé orúnkún náà kò ní pẹ́ já a kulẹ̀.

Òun àti Gase kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ní ìdíje àkọ́kọ́ sáà 2016, nígbà tí inú Ajayi kò dùn pé wọ́n fi asáré mìíràn, Arian Foster, ṣáájú òun, ilé ni Gase fi í sí, wọn kò mú un dání lọ sí Seattle. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òun náà ló sáré 204 yáàdì lójú Pittsburgh, tó tún sáré 214 lójú Buffalo ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó tún di oṣù Kejìlá, ó sáré 206 lójú Buffalo kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ènìyàn kọjá 200 yáàdì ní sáà kan: òun ni ẹni kẹrin tó ṣe é nínú ìtàn líìgì náà.

Ibí yìí ni àwọn tó fẹ́ kí ó lọ ti rí ẹsẹ̀ fi dúró, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìdíje mẹ́ta yẹn nìkan fún un ní 624 yáàdì nínú 1,272. Nínú ìdíje 12 yòókù tó kópa nínú rẹ̀, yáàdì 54 péré ló ń rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gase fúnra rẹ̀ ń ṣàròyé pé àwọn asáré òun fẹ́ràn láti máa wá eré ńlá tí yóò gbé wọn dé òpin pápá lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí wọ́n gba yáàdì mẹ́ta tó wà nílẹ̀.

Sáà 2017 wá le koko. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ni orúnkún quarterback wọn, Ryan Tannehill, ti bàjẹ́, tí wọ́n fi lọ pe Jay Cutler tó ti fẹ̀yìn tì. Branden Albert, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún iwájú, ti lọ sí Jacksonville. Ajayi sáré 122 yáàdì nínú ìdíje tirẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn sì rò pé yóò dára. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé bọ́ọ̀lù ní ìgbà 11 lójú New York Jets, yáàdì 16 ló rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí Wembley, ní ìlú tí wọ́n bí i sí gan-an. New Orleans Saints na Miami ní 20 sí òdo níbẹ̀, 46 yáàdì ni Ajayi rí. Ó tún rí 130 lójú Atlanta. Bí a bá yọ ìdíje méjì tó ti ṣe dáadáa kúrò, ìgbà 84 ló gbé bọ́ọ̀lù nínú márùn-ún tó kù, yáàdì 213 ló sì mú bọ̀: méjì ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò fi bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí Baltimore na wọ́n ní 40 sí òdo lálẹ́ ọjọ́bọ̀ kan, ọjọ́ márùn-ún péré ló kù fún un ní Miami.

Ṣé ọkùnrin yìí kò lè sáré mọ́ ni? Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé pàṣípààrọ̀ náà, Ajayi wọ aṣọ Eagles lójú Denver, kò tíì mọ ìdajì àwọn ètò eré wọn. Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù. Nínú ọ̀kan nínú wọn, ó gba àlàfo kan kọjá, ó sì sáré 46 yáàdì wọlé tààrà. Yáàdì 77 ló ní lọ́jọ́ náà. Nínú ìdíje tó tẹ̀ lé e, ní Dallas, ó sá eré kan tó jẹ́ 71 yáàdì. Nígbà tí Chicago wá, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó fẹ́ wọlé, ó ń yí lọ. Nelson Agholor, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, ló fò mọ́ ọn lẹ́yìn ìlà, ó sì di touchdown, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó wọlé, fún Philadelphia. Ìdíje méje ló gbá ní sáà náà fún Eagles, bó ti gbá méje fún Miami. Ní Miami, 3.4 yáàdì lẹ́ẹ̀kan. Ní Philadelphia, 5.8.

Ẹsẹ̀ ènìyàn kì í yí padà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ohun tó yí padà ni Jason Kelce, Brandon Brooks àti Lane Johnson tó wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù ní gbogbo líìgì. Ẹrù tí wọ́n ń gbé lé e náà tún fúyẹ́: nǹkan bí ìgbà 20 ló ń gbé bọ́ọ̀lù nínú ìdíje kan ní Miami; ní Philadelphia, mẹ́wàá ni, torí òun àti LeGarrette Blount àti Corey Clement ló ń pín in. Fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò dá ṣáṣá, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2018, Eagles na New England Patriots ní 41 sí 33, wọ́n sì gba Super Bowl fún ìgbà àkọ́kọ́. Ajayi sáré 57 yáàdì nínú ìdíje àṣekágbá náà. Ẹni tí wọ́n lé ní Miami di akópa nínú ohun tí ìlú kan ti ń retí tipẹ́tipẹ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé asáré kì í jẹ̀bi. Ìtàn Trent Richardson wà níbẹ̀. Cleveland Browns fi í ṣe ẹnì kẹta tí wọ́n mú ní gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 2012. Ó sáré 950 yáàdì, ṣùgbọ́n 3.6 lẹ́ẹ̀kan ni. Nígbà tí Cleveland fi í lé Indianapolis Colts lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdíje méjì péré ní sáà 2013, tí wọ́n gba àǹfààní ìpele kìn-ín-ní lórí rẹ̀, àwọn alátìlẹ́yìn wọn fara ya. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù fún Colts, ó wọlé. Lẹ́yìn náà, 2.9 yáàdì lẹ́ẹ̀kan títí sáà fi parí. Ní ìdíje ìyọkúrò lójú Kansas City, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láìsí i ni Colts fi ti 38 sí 10 padà wá borí ní 45 sí 44. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015 wọ́n ní kí ó máa lọ. Ẹgbẹ́ méjì, ìwọ́n eré kan náà tí kò dára. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ṣe é gbé sí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ lọ́rùn.

Báwo la ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láìdúró kí a kọ́kọ́ gbé ẹni náà lọ síbòmíràn? Láti ọdún 2014 ni líìgì náà ti ń fi ẹ̀rọ kékeré sínú ihámọ́ra èjìká àwọn agbábọ́ọ̀lù, tó ń sọ ibi tí kálukú wà àti bí ó ṣe ń yára tó. Nínú ìdíje ìmọ̀ ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Big Data Bowl, èyí tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2020, wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ lo ibi tí gbogbo ènìyàn 22 dúró sí, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sọ́wọ́ asáré, láti sọ iye yáàdì tí eré náà yóò mú wá. Àwọn ọkùnrin méjì láti ilẹ̀ Austria ló borí. Ní báyìí, bí àlàfo tó wà níwájú bá yẹ fún yáàdì kan, tí asáré sì rí mẹ́ta, a mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Bó bá yẹ fún mẹ́fà tó sì rí mẹ́ta, a mọ ìyẹn náà. Irinṣẹ́ yìí kò tíì sí nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí Ajayi, ìdí nìyẹn tí ariwo fi rọ́pò ẹ̀rí.

Àwọn ará Miami tó gbè sẹ́yìn Gase ní ẹ̀rí méjì lọ́wọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni pé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, iṣan orúnkún Ajayi tún já, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́ láé. Ìyẹn fi hàn pé ìbẹ̀rù àwọn dókítà ní ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé ó ti rọ ní ọdún 2017. Èkejì ló le jù: Kenyan Drake tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ sáré 4.8 yáàdì lẹ́ẹ̀kan ní sáà náà, ẹgbẹ́ kan náà ló sì ti ń sáré. Bí ọ̀nà kò bá là, báwo ni ti Drake ṣe là? Lójú tèmi, Drake a máa gba àlàfo tinrin tó bá wà nílẹ̀, Ajayi a máa dúró de èyí tó tóbi. Ní Philadelphia, èyí tó tóbi náà ń ṣí sílẹ̀.

Drake náà kò sì pẹ́ ní Miami. Ní sáà 2019, 3.7 yáàdì lẹ́ẹ̀kan ló ń rí, àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n sì fi òun náà ránṣẹ́ sí Arizona nítorí àǹfààní kan ní ìpele ìsàlẹ̀. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ tó fi sáré 110 yáàdì lójú San Francisco. Ohun tó rí lẹ́ẹ̀kan fún Arizona títí sáà náà fi parí jẹ́ 5.2.