Kókó Orí Àwùjẹ̀: Àrùn Tí Ó Ń Jẹ́ Orúkọ Ọmọ Yorùbá Méjì

Kò sí ẹni tí a tọ́ dàgbà nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ àwùjẹ̀, ibi tí ó rọ̀ lókè iwájú orí ọmọ titun, tí ó máa ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń fi òrí pa kí òtútù má baà mú ọmọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń wò bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ ọmọ lẹ́nu, nítorí bí omi bá ti ń gbẹ lára rẹ̀, àwùjẹ̀ a jìn wọlé. Ìmọ̀ tí ó yè kooro ni èyí. Dókítà pàápàá kì í yẹ ọmọ titun wò kí ó má fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwùjẹ̀ tí ó jìn kọ́ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́tẹ̀ yìí. Èyí tí nǹkan hù lé lórí bí ẹyin adìẹ ni.

Kí n tó wọlé wá kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ṣiṣẹ́ fún ọdún 6 ní wọ́ọ̀dù àwọn tí a ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ọpọlọ àti ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹni tí ọkọ̀ gbá, ẹni tí ó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ọmọ tí omi kún inú orí rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni a ń rí lójoojúmọ́. Kókó orí àwùjẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ọmọ 4 péré ni mo fojú ara mi rí tí ó ní i. Mo mú un wá síwájú yín nítorí pé àwọn ènìyàn tiwa ni wọ́n là á yé aráyé, síbẹ̀ nínú àwọn ọmọ 4 náà, kò sí èyí tí òbí rẹ̀ ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ọdún 1962 ni Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, padà dé láti Amẹ́ríkà. Yunifásítì Howard ni ó ti gboyè dókítà, Yunifásítì Michigan ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Òun ni ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, òun ni ó sì fi ìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn. (Akéwì ni pẹ̀lú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ewì rẹ̀. Ó dun èmi ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá díẹ̀.) Lẹ́yìn náà ni Adélọlá Adéloyè dara pọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀. Ní 1971, àwọn méjèèjì kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà ọmọdé tí a ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aláìsàn 18, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí. A bí kókó mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí àwùjẹ̀. Nígbà náà, ó jọ bí ẹni pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni ó ń ṣe. Nígbà tí ó yá ni àwọn dókítà ilẹ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lára ọmọ aláwọ̀ funfun àti ọmọ ilẹ̀ Éṣíà. Ọdẹ́kù kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1974, ẹni ọdún 47 ni. Títí di òní, orúkọ àwọn méjèèjì ni a fi ń pe àrùn náà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn: àrùn Adeloye-Odeku.

Kí ni ó wà nínú kókó yìí? Nígbà tí ọmọ ṣì kéré jọjọ nínú oyún, ibì kan náà ni awọ ara rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pínyà. Bí wọ́n bá ti ń pínyà, ó lè ṣẹlẹ̀ pé bíńtín lára awọ há sábẹ́, níbi tí kò yẹ kí ó wà. Kò kú. Iṣẹ́ awọ ni ó ń bá lọ níbẹ̀: ó ń sun omi, ó ń yọ ọ̀rá, ó ń bó èépá, kò sì sí ibi tí yóò dà á sí. Bí ó ṣe di àpò nìyẹn. Lára ọmọ mìíràn, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara bí omi òjò. Lára òmíràn, ó ki bí ògì tí ó ti dì. Ìsàlẹ̀ awọ orí ni àpò náà wà, ṣùgbọ́n òkè eegun agbárí àti òkè àwùjẹ̀ ni ó jókòó sí. Kò bá ọpọlọ dá nǹkan pọ̀. Irun ń hù lórí rẹ̀ bí ó ṣe ń hù níbi tó kù, kì í dun ọmọ, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń tóbi bí ọmọ ṣe ń dàgbà.

Bí ó bá ṣe èyí nìkan ni ó lè wú lórí ọmọ, ǹ bá má kọ̀wé gùn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nǹkan mìíràn wà tí ó jọ ọ́. Ẹ fi orí wé ilé. Kókó tí mo ń sọ yìí dà bí igbá tí ẹnìkan gbé ka orí òrùlé. Òrùlé kò jò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí òrùlé tiwọn ṣí sílẹ̀ láti inú oyún, tí awọ tí ó bo ọpọlọ, nígbà mìíràn tí ọpọlọ fúnra rẹ̀, yọ síta láti ibẹ̀. Òun náà yóò dà bí kókó. Ó lè wú sí i bí ọmọ bá ń sunkún, ṣùgbọ́n ojú lásán kò tó láti fi dá a mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń ya àwòrán inú orí lónìí kí ẹnikẹ́ni tó mú abẹ. Ti omi inú orí yàtọ̀: gbogbo orí ni ó ń tóbi, àwùjẹ̀ a sì le kankan, bí ó bá sì pọ̀, ẹyinjú ọmọ a máa wo ìsàlẹ̀. Ìyẹn kì í dúró de ọjọ́ ọjà.

Irú ṣíṣí sílẹ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pá ẹ̀yìn pẹ̀lú, tí a ó bí ọmọ pẹ̀lú àpò ní ìbàdí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má gbé e, tí kò sì ní lè di ìtọ̀ mú. Oògùn fólíìkì ásíìdì ń dín ewu rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kí obìnrin tó lóyún ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ 4 àkọ́kọ́ ni ibẹ̀ ń dí, nígbà tí ọ̀pọ̀ kò tíì mọ̀ pé àwọn ti lóyún.

Mo rántí ìyá kan tí ó gbé ọmọ oṣù 5 wá, tí ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n ti kọ́kọ́ dé ilé ìtọ́jú kékeré kan níbi tí ẹnìkan ti fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi inú kókó náà. Ìyá àgbà ni kò gbà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbẹ̀bí, òun kò rí ibi tí wọ́n ti ń gún àwùjẹ̀ ní abẹ́rẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni ó lò. Bí ó bá jẹ́ pé ọpọlọ ni ó yọ síta, abẹ́rẹ́ ì bá ti gbé àrùn wọ inú orí ọmọ. Bí ó bá sì jẹ́ kókó lásán, omi náà yóò tún kún padà ni, nítorí pé ara àpò ni ó ti ń sun.

Àwòrán fi hàn pé kókó ni. Nígbà tí dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ ni yóò yọ ọ́, ìyá àgbà yìí kan náà dìde.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ wá. Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́?”

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá. A kò ní bẹ́ orí. Igbá tó wà lórí òrùlé ni a fẹ́ gbé kúrò.”

“Ẹ kò ní wọ inú ilé?”

“A kò ní wọlé, Ìyá. Orí òrùlé ni a ó ti sọ̀ kalẹ̀.”

Ó ní kí n jókòó, kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún òun. N kò fi ewu ibẹ̀ pamọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan là láti iwájú orí dé ẹ̀yìn, abẹ́ àwùjẹ̀ gan-an ni ó sì gbà kọjá. Bí ọwọ́ bá ṣì í, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré kò pẹ́ tán. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣètò ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì fi jẹ́ pé ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ orí ni ó yẹ kí ó ṣe é. Ìyá àgbà béèrè bí a bá fi kókó náà sílẹ̀ ńkọ́. Mo ní kì í pa ọmọ, ṣùgbọ́n kò ní lọ fúnra rẹ̀, yóò máa tóbi ni. Ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ràn bí obìnrin náà ṣe béèrè. Àwọn mìíràn a kàn mi orí, wọn a fọwọ́ sí i, wọn a sì sá lọ lóru.

Iṣẹ́ abẹ náà kò le bí ìbẹ̀rù rẹ̀. Ìyá yóò fún ọmọ lọ́mú kẹ́yìn ní wákàtí 4 kí a tó kùn ún lóorun. Ibi tí ìdílé ti ń ṣàánú ọmọ tí ebi ń pa nìyẹn, a sì ní láti ṣọ́ wọn. Dókítà yóò la awọ, yóò máa bó àpò náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó iṣu sísè, kí ó lè jáde lódidi láìbẹ́. Bí ìyókù rẹ̀ bá ṣẹ́kù, ó lè tún hù. A ó fi àpò náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fi ẹ̀rọ wo nǹkan tín-ín-tìn-ín, kí wọ́n lè jẹ́rìí sí ohun tí ó jẹ́.

Bí ọmọ bá ti jí dáadáa, ọmú ni. Ìyá ni kí ó gbé e, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹkún ọmọ dínkù ní àyà ìyá rẹ̀, ọgbẹ́ náà sì ń sinmi. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan tí okùn fi wà lójú ọgbẹ́, kò sí òrí, kò sí àdín, kò sí ẹ̀rọ̀ ìbílẹ̀ kankan níbẹ̀, omi ìwẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan orí. Ìyá àgbà wa gbé ìgò àdín rẹ̀ fún mi pamọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá yọ okùn, kí wọ́n máa bọ̀ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ tí a dá fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá gbóná, bí ojú ọgbẹ́ bá wú tàbí tí omi ń jáde níbẹ̀, bí ọmọ bá ń bì, tí ó ń sùn ju bó ti yẹ lọ tàbí tí ó kọ ọmú, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e padà wá, ìbáà jẹ́ òru.