Kìlómítà kan, aago kan: bí eré kẹ̀kẹ́ "contre-la-montre" ṣe ń lọ

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa: òun làwọn kan fi ń lọ sóko, òun làwọn ọmọ fi ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àmọ́ eré kẹ̀kẹ́ kan wà tí a kì í rí ní ìgbèríko wa. Kìlómítà kan péré ni, aago sì ni èèyàn ń bá du ú. "Contre-la-montre" ni wọ́n ń pè é ní Faransé.

Ẹ wo òkúta onínọ́ńbà tí wọ́n rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀dà. Láti ọ̀kan dé èkejì, kìlómítà kan ni. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín á lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ọkùnrin tó gbọ́n jù nínú eré yìí ń parí ẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú kan, láti ìdúró o!

Bí wọ́n ṣe ń sá a

Inú vélodrome ni wọ́n ti ń sá a. Ní àwọn ìdíje ńlá, pákó ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà ibẹ̀, mítà 250 sì ni àyíká rẹ̀. Tí èèyàn bá yí i po lẹ́ẹ̀mẹrin, kìlómítà kan pé nìyẹn. Níbi tí ọ̀nà ti kọ, ilẹ̀ ẹ̀ dagun bí ara òkè wa. Ẹni tó bá ń rọra gùn ún níbẹ̀ á yọ̀ ṣubú. Eré sísá ló ń gbé èèyàn dúró.

Kẹ̀kẹ́ náà kò ní ìjánu. Vitesse kan ṣoṣo ló ní, ẹsẹ̀ àti táyà ẹ̀yìn sì jọ ń yí ni: o kò lè dáwọ́ wíwà dúró kí kẹ̀kẹ́ máa lọ. Ẹ̀rọ kan ló máa ń di táyà ẹ̀yìn mú. Tí aago bá kà dé òdo, ẹ̀rọ á tú u sílẹ̀, ó di pé kóo fi gbogbo agbára tì í. Ẹni tó bá ná gbogbo okun ẹ̀ ní àyíká àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ á kú ní ìkẹrin. Ẹni tó bá sì tọ́jú okun jù, aago ti lọ.

Aago kò mojú ẹnikẹ́ni

Lọ́dún 1996, nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta, Shane Kelly ọmọ Ọsirélíà ni gbogbo ayé ń wò. Òun ló mú àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́wọ́, òun náà ló sì sáré jù nínú ìtàn eré yìí nígbà yẹn. Bó ṣe gbéra báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Ó parí nìyẹn. Wọn ò jẹ́ kó tún un sá. Florian Rousseau, ọmọ Faransé, ló gba wúrà.

Lọ́dún 2001, Arnaud Tournant, ọmọ Faransé míì, ló kọ́kọ́ sá a tí kò pé ìṣẹ́jú kan: ìṣẹ́jú àáyá 58,875, ní La Paz ní Bòlífíà. Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀? Ìlú orí òkè gíga ni, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ẹni tó ń sáré sẹ́yìn. Tó bá fúyẹ́, ọ̀nà là. Ní Aguascalientes ní Mẹ́síkò, tóun náà wà lórí òkè, François Pervis sá a ní 56,303 lọ́dún 2013, Jeffrey Hoogland ọmọ Netherlands sì sá a ní 55,433 lọ́dún 2023.

Ní Athens lọ́dún 2004, Chris Hoy ọmọ Scotland lo ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 0,711; Tournant lo ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 0,896. Ojú tó ṣẹ́ là ń pè ní ìṣẹ́jú ní èdè wa. Níbẹ̀ yẹn, ìgbà tí ojú fi ṣẹ́ gan-an ló ya wúrà sọ́tọ̀ kúrò lára fàdákà.

Ìgbà yẹn náà ló gbẹ̀yìn fún àwọn ọkùnrin ní Òlíńpíìkì, nítorí wọ́n yọ eré yìí kúrò kí BMX lè ráàyè. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń sá a nínú ìdíje àgbáyé. Ní Paralympique pàápàá, afọ́jú máa ń jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì, olójú á máa darí níwájú.

Àwa ńkọ́?

Vélodrome wà nítòsí wa, ní Abuja ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje Áfíríkà lọ́dún 2022. Ṣùgbọ́n ilé eré nìkan kò tó. Ní Paris lọ́dún 2024, wọ́n pe Ese Ukpeseraye, ọmọbìnrin Nàìjíríà, sí eré vélodrome nígbà tí àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò ní kẹ̀kẹ́ tó yẹ fún un. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn, ó sì sáré. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹsẹ̀ wà, kẹ̀kẹ́ ni kò sí.

Àwọn òkè wa ń fún àwọn ọmọ wa lẹ́sẹ̀. Tí ọmọ yín bá fẹ́ràn eré kẹ̀kẹ́, ẹ má sọ fún un pé iṣẹ́ tálákà ni. Ẹ wọn kìlómítà kan sí ọ̀nà oko tó tẹ́jú, kí àgbàlagbà kan di aago tẹlifóònù mú. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kó má ṣe jẹ́ ojú ọ̀nà ọ̀dà: kàmíọ̀n kò mọ̀ pé ọmọ ń bá aago du. Kí ó kọ iye tó lò sínú ìwé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó tún sá a. Ara rẹ̀ ti àná ló máa kọ́kọ́ borí.