Akaṣíà Ilẹ̀ Áfíríkà: Orúkọ Nìkan Kò Tó Já Ewé

Àwọn ẹlẹ́sìn wa tó wà lókè òkun a máa bi wá pé akaṣíà wo ni kí àwọn rà. Ìbéèrè ńlá ni, torí ẹni tó bá ṣi ewé já, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn, ó sì lè fi ṣe ara ní jàǹbá.

Akaṣíà kì í ṣe igi kan ṣoṣo, ẹbí ńlá ni. Inú ọ̀dàn àti ilẹ̀ gbígbẹ ni ó pọ̀ sí jù, kì í ṣe igbó kìjikìji. Ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó tò bí ìyẹ́ ẹyẹ.

Ní 2005, àwọn onímọ̀ ewéko ṣe ìpàdé ní Vienna, wọ́n fi orúkọ Acacia sílẹ̀ fún àwọn igi Australia. Èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa wá di Vachellia tàbí Senegalia. Ẹ wo ẹ̀gún wọn: ti Vachellia ṣe ṣánṣán ní méjì-méjì, òdòdó rẹ̀ sì rí roboto; ti Senegalia tẹ̀ kọdọrọ bí èékánná ológbò, òdòdó rẹ̀ sì máa ń gùn.

Bagaruwa àwọn Haúsá, Vachellia nilotica, ní èso tó rí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ó ń fún ẹnu pọ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣe awọ. Senegalia senegal ló ń fún wa ní gọ́ọ̀mù: wọ́n á bó èèpo rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, oje á yọ, á gbẹ. Sudan ló ń tà á jù, wọ́n sì ń lò ó fún tàdáwà àti ohun mímu. Gawo, Faidherbia albida, tí a ń kà mọ́ akaṣíà tẹ́lẹ̀, ń wọ́wé lójò, ó ń rúwé lẹ́ẹ̀rùn. Nítorí náà ni àgbẹ̀ ṣe ń fi í sílẹ̀ láàárín ọkà bàbà.

Ṣé ẹ wá rí i? Igi kò yí padà, orúkọ ìwé ló yí. Ẹni tó bá fi "Acacia" nìkan ra ewé lónìí lè gba ti Australia. Ẹ wo ẹ̀gún, òdòdó àti èso, kí ẹ sì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má fi òmíràn dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má wá odù lé igi tí àwọn olúwo wa kò kọ́ wa. Ifá kì í parọ́. Kí awa náà má fi ẹnu Ifá purọ́.