Ṣé irin ọwọ́ yín ti mú tó? Ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ igi wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, lórílẹ̀-èdè Benin, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìró òòlù àti ayùn kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé iṣẹ́ àwọn káfíńtà. Ẹni tó fẹ́ ilẹ̀kùn ń bọ̀, oníṣòwò tó fẹ́ tábìlì ìpàtẹ ọjà ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí igi tó di ilẹ̀kùn, ìbéèrè kan wà tí oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ dáhùn láràárọ̀: ṣé irin ọwọ́ mi ti mú tó?

Ìbéèrè náà lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ ìka ọwọ́ èèyàn wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan lára àwa tá a kọ ìròyìn yìí ṣì ní àpá kan lára àtàǹpàkò òsì láti ìgbà tó ń kọ́ iṣẹ́ igi. Ṣísẹ̀lì tó kú ló ṣe é. Ó ń gbẹ́ ihò lára férémù ilẹ̀kùn, irin kò wọlé, ló bá fi gbogbo agbára tì í. Irin náà yọ̀, ó sì bá ọwọ́ tó di igi mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irin tó mú ló ń ṣeni léṣe. Nílé iṣẹ́ igi, èyí tó kú ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bẹ̀rù, nítorí ẹni tó ń fipá ti irin kò lè mọ ibi tí irin máa dúró sí.

Àtàǹpàkò kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dájú

Bí ọ̀gá bá bi ọmọ iṣẹ́ pé ṣé irin ti mú, àtàǹpàkò lọmọ náà máa fi kan ẹnu irin, á ní, "Ọ̀gá, ó ti mú." Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Bí a bá ń pọ́n irin lórí òkúta, ẹnu rẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́ títí díẹ̀ nínú rẹ̀ á fi yí sẹ́yìn bí irun wíwẹ́. Irun irin yìí máa ń kọ́ni lọ́wọ́, á sì dà bíi pé irin náà ti mú bí abẹ. Kẹ́ ẹ tó lu òòlù lé e bí ẹ̀ẹ̀mejì, irun náà á ti ṣẹ́, irin á sì padà kú.

Irun náà kò burú o. Bó bá ti yọ láti igun kan ẹnu irin dé igun kejì, ó fi hàn pé òkúta ti kan gbogbo ẹnu náà. Ohun tó kù ni kí ẹ tẹ́ ẹ̀yìn irin pẹrẹsẹ sórí òkúta tó kúnná, kí ẹ rọra fà á, kí ẹ sì wá fi nu awọ líle títí irun náà á fi kúrò. Òkúta tó kúnná la wí o. Òkúta akọ tó wà lórí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lè pọ́n àdá oko, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, kò ṣeé fi parí ẹnu ṣísẹ̀lì.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta tó ṣeé gbà gbọ́

Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Ẹ kọ ẹnu irin sí oòrùn tàbí iná. Bó bá kú, ẹ óò rí ìlà funfun tóóró tó ń dán, torí pé ẹnu náà ti tẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń ríbi bà lé. Bó bá mú, ẹ ò ní rí ìlà kankan. Bó bá dán níbì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ti ṣẹ́ nìyẹn. Ẹ padà sórí òkúta.

Èkejì ni èékánná. Ẹ dá irin ní gẹ̀rẹ̀ lé èékánná àtàǹpàkò, láìtẹ̀ ẹ́ rárá. Bó bá ń yọ̀, kò tíì mú. Bó bá dúró síbi tẹ́ ẹ gbé e lé, ó ti ń mú bọ̀.

Ẹ̀kẹta, tó ju méjì yòókù lọ, ni igi fúnra rẹ̀. Ẹ mú ègé igi rírọ̀ kan, kí ẹ sì gbẹ́ orí rẹ̀ níbi tí ayùn ti gé e, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi ti ṣísẹ̀lì, ẹ má lo òòlù. Irin tó mú á gé e mọ́lẹ̀, ojú igi náà á sì máa dán. Irin tó kú á kàn máa fọ́ ọ ni, ojú igi á ṣú, á sì rí hátaháta. Bí ojú náà bá dán àmọ́ tí ìlà tóóró gùn lọ lára rẹ̀, ẹnu irin ti ní eyín níbì kan. Ìdí tá a fi ní kí ẹ lo igi rírọ̀ ni pé igi líle lè bo àṣírí irin tó kú, igi rírọ̀ kì í bò ó.

Mímú tó fún iṣẹ́ wo?

Kì í ṣe gbogbo irin ló yẹ kó mú bákan náà. Àwọn agbẹ́gilére wa ti mọ èyí tipẹ́. Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì tó bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1967 pé ìpele mẹ́rin ni wọ́n ń pín iṣẹ́ náà sí: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Lamidi Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tí wọ́n bí lọ́dún 1928, tó sì kú lọ́dún 2009, kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́ yẹn kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká.

Níbi ọ̀nà lílé, àáké ló ń ṣíṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣẹ́ lójú igi líle. Tó bá wá kan dídán àti fínfín, ọ̀bẹ tàbí ṣísẹ̀lì tí kò bá gé igi rírọ̀ kó dán kò tíì yẹ fún iṣẹ́. Igun tó dáa fún ẹnu ṣísẹ̀lì káfíńtà jẹ́ nǹkan bí ìdámẹ́ta igun tí ògiri àti ilẹ̀ jọ ń ṣe, tàbí kó dín díẹ̀. Ìfági tó mú máa ń fá igi jáde ní gígùn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà. Bó bá ti ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí apá yín sì ń dùn yín, ẹ tú irin rẹ̀. Ayùn tó mú máa ń fa ara rẹ̀ wọ igi, ẹ ò ní máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ sì rántí pé igi tíìkì, tí wọ́n ń pè ní teck lédè Faransé, ní nǹkan bíi yanrìn nínú tó máa ń tètè pa irin. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ máa pọ́n irin lemọ́lemọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rajà ńkọ́?

Ẹ̀yin náà lè mọ̀ ọ́n. Kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀kùn, ẹ wo ibi tí igi méjì ti wọnú ara wọn. Bí etí ihò bá ya hátaháta, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ ìyẹ̀ igi dí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin tó kú ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ lè má pẹ́ tú, owó yín ló sì máa bá a lọ.

Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀ pé òun ti mú. Ẹ̀yin ọ̀gá, kẹ́ ẹ tó gbé irin lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbẹ́ ègé igi rírọ̀ kan níṣojú yín. Kò gba àkókò, ó sì lè gba ìka ọmọ ọlọ́mọ là.