Asẹ́ Àrọ́wọ́tó: Bí Ètò Ìdáàbòbò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Lè Súnmọ́ Ẹni Tí Ó Nílò Rẹ̀

Ìfáárà

Obìnrin tí ó fẹ́ sẹ́ ògì kì í gbé asẹ́ sórí àjà. Ẹnu ìkòkò ni ó ń so ó mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni èèrí àgbàdo ti ń ya kúrò lára ògì. Asẹ́ irú mìíràn ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí, èyí tí ó ń ya ohun tí òǹlò íntánẹ́ẹ̀tì kò fẹ́ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó fẹ́ rí. Èrò wa ni pé bí ó ti wù kí irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ lágbára tó, kò wúlò bí ọwọ́ ẹni tí ó nílò rẹ̀ kò bá tó o. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́, nítorí pé fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ kọ́.

Bí asẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́

Asẹ́ kan ń lo àkọsílẹ̀. A ti to àdírẹ́sì àwọn ojú ewé jọ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: tẹ́tẹ́, àwòrán ìhòòhò, ohun ìjà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pe àdírẹ́sì tí ó wà ní ọ̀wọ́ tí a tì, ilẹ̀kùn kò ní í ṣí. Asẹ́ mìíràn ń ka àmì tí wọ́n ti fi sára ohun náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Irú èyí kejì ti wà ṣáájú kí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbilẹ̀. V-chip ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Òfin ọdún 1996 ni ó bí i, nígbà tí ó sì fi di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000, ó ti di dandan nínú gbogbo tẹlifíṣàn tuntun tí ojú rẹ̀ tó ínṣì 13. Kí òbí sáà yan ìwọ̀n tí ó bá ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ mu, tẹlifíṣàn yóò pa ètò tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ní ọdún 2001, Kaiser Family Foundation ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn òbí. Nínú àwọn tí V-chip wà nílé wọn, ìdá 17 péré nínú 100 ni ó ń lò ó. Ó lé ní ìdajì wọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ láti Bìrìtéènì

Ní oṣù keje ọdún 2013, David Cameron, olórí ìjọba Bìrìtéènì nígbà náà, kéde pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́rin tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ilé yóò máa bi oníbàárà tuntun léèrè bóyá ó fẹ́ asẹ́ tàbí kò fẹ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Ofcom, àjọ tí ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Nínú oníbàárà tuntun 100, mẹ́rin ni ó gba asẹ́ ní Virgin Media, 5 ní BT, 8 ní Sky, ṣùgbọ́n 36 ní TalkTalk.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? A kò lè sọ pé àwọn òbí tí ń lo Virgin Media kò fẹ́ràn ọmọ wọn tó àwọn ti TalkTalk. TalkTalk ti ń fún ènìyàn ní asẹ́ tirẹ̀ láti ọdún 2011. Ní ti Virgin Media, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lọ so íntánẹ́ẹ̀tì nílé oníbàárà nígbà náà a máa parí ètò náà fúnra wọn, tí ìbéèrè náà kò fi ní í kan onílé rárá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, Sky yí ọwọ́ padà: ẹni tí kò bá ti dáhùn, asẹ́ yóò wà ní títàn fún un títí yóò fi sọ pé òun kò fẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé kí a sáà ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, ètò Newsnight ti BBC rí i pé asẹ́ kan ti ka ojú ewé ibùdó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò ní Edinburgh mọ́ àwòrán ìhòòhò. Ẹ jẹ́ kí a ro ti obìnrin tí ó ń wá ìrànlọ́wọ́ lóru, tí ilẹ̀kùn kò ṣí. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ tí ń lù ú ni ó ni ọ̀rọ̀ aṣínà ńkọ́? Àrọ́wọ́tó tí a ń wí, tọ̀tún-tòsì ni: kí ó rọrùn láti so asẹ́, kí ó sì rọrùn fún àgbàlagbà láti tú u.

Ọ̀rọ̀ tí ó dí ọ̀nà

Ibi yìí ni iṣẹ́ ẹ̀ka wa wà gan-an. Òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè yan Yorùbá lójú ewé Google, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí yóò bá pàdé lè ṣì í lọ́nà. Nínú ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ tí ẹ̀rọ ṣe, “àlẹ̀mọ́” ni a ń bá pàdé níbi tí ó yẹ kí asẹ́ wà. Ìwé tí a fi àtè lẹ̀ mọ́ ara ògiri ni àlẹ̀mọ́; kò sẹ́ nǹkan kan rí. Ta ni yóò tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí àtidáàbò bo ọmọ rẹ̀? A dábàá asẹ́ fún ohun tí ń yọ nǹkan kúrò, ààyò fún ohun tí òǹlò fẹ́ràn jù, àti ààtò fún ojú ewé tí a ti ń ṣe ìyípadà. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù, kí ó mú un wá.

Nínú yàrá kọ̀ǹpútà

Láti ọdún 2023, Google ti ń bo àwòrán ìhòòhò lójú nínú èsì ìwádìí fún ẹni tí kò yan ohunkóhun. YouTube kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní asẹ́ tirẹ̀ láti ọdún 2010, ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà, inú àkójọ tí ń yọ bí a bá tẹ àwòrán ara ẹni ní igun òkè ni ó fi pamọ́ sí. Ẹ̀rọ tí a bá ti tan án nìkan ni ó sì ń bá ṣiṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà 20 yóò tan án ní ìgbà 20, àyàfi bí ẹni tí ń bójú tó ẹ̀rọ bá mọ bí a ṣe ń tì í láti orísun.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ lè fi ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ṣe iṣẹ́ yìí: kí ó ka iye ìgbà tí ọwọ́ ń tẹ ẹ̀rọ kí ó tó kan asẹ́, kí ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá pàdé lójú ọ̀nà sílẹ̀, kí ó sì bi òbí mẹ́ta léèrè ohun tí wọ́n rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí.