Nígbà tí Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró Bá Dé Ọpọlọ: Oògùn Ẹnu àti Abẹ́rẹ́ Ọ̀pá Ẹ̀yìn



Bí ẹbí kan láti Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà bá gbé aláìsàn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró dé ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, tí dókítà sì ní òun fẹ́ fi oògùn sí i ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀rù á bà wọ́n. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n gbé e padà sílé. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ìtọ́jú náà, kí ẹbí lè fi ìmọ̀ ṣe ìpinnu.

Bí àìsàn náà ṣe ń dé orí

Awọ fẹ́lẹ́ kan bo ọpọlọ àti okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Lábẹ́ awọ náà ni omi mímọ́ gaara kan ti ń ṣàn. Bí jẹjẹrẹ bá bá ẹ̀jẹ̀ rìn láti ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú omi yìí, yóò máa tàn kálẹ̀ níbẹ̀. Orí á máa fọ́ aláìsàn, pàápàá ní òwúrọ̀. Ó lè máa bì, kó máa rí ohun kan ní méjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa rọ, kí gìrì mú un, tàbí kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú. Ẹ má pè é ní iṣẹ́ àlùjànnú. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù díẹ̀ ni ẹ̀mí aláìsàn sábà máa ń gùn mọ.

Ìdí tí oògùn fi jẹ́ méjì

Ọlọ́hun fi odi sí ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ kí májèlé má baà wọlé. Odi yìí kan náà ló ń dá ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ dúró.

Oògùn àkọ́kọ́ ni osimertinib, hóró tí à ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Àbùkù inú ohun tí wọ́n ń pè ní EGFR, tó ń ti jẹjẹrẹ dàgbà, ló ń dojú kọ. Àbùkù yìí wọ́pọ̀ lára ẹni tí kò mu sìgá rí ju amusìgá lọ. Ọdún 2015 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà, ó sì ń la odi ọpọlọ kọjá ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ. 80 mg ni wọ́n sábà máa ń lò. Nínú ìwádìí BLOOM tó jáde ní 2020, wọ́n fún aláìsàn 41 tí jẹjẹrẹ ti dé awọ ọpọlọ wọn ní 160 mg, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò kò bá fi àbùkù náà hàn, ẹ má ná owó yín sórí rẹ̀.

Èkejì ni abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún, níbi tí okùn iṣan ti parí, kí abẹ́rẹ́ má baà kàn án. Wọ́n sì lè fi àpò kékeré kan sí abẹ́ awọ orí, èyí tí Ayub Ommaya, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ọmọ Pakistan, gbé jáde ní 1963. Ní Ṣáínà, pemetrexed 50 mg ni àwọn olùwádìí fi síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, ó lè tó 800 mg fún àgbàlagbà. Díẹ̀ ti tó, nítorí pé oògùn ti kọjá odi.

Hóró ń bá jẹjẹrẹ jà láti inú ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ ń bá a jà nínú omi. Nígbà tí àìsàn bá ń gbilẹ̀ lójú hóró ni wọ́n sábà máa ń pa wọ́n pọ̀. Kì í sábà fa àìsàn náà tu. Ohun tí à ń rí nínú rẹ̀ ni ìrọ̀rùn àti ọjọ́ tó gùn sí i. Ó lè dín ẹ̀jẹ̀ kù, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún aláìsàn ní folic acid àti fítámì B12, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Iṣẹ́ ẹbí

1. Ikọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife; ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń lo rifampicin, oògùn ikọ́ ife, ẹ sọ fún dókítà: ó ń dín agbára osimertinib kù ju ìdajì lọ. Àgbo náà, ẹ má fi pamọ́ fún wọn.

2. Kí wọ́n tó gún un, ẹ bèèrè orúkọ oògùn. Vincristine, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, kò gbọdọ̀ dé ọ̀pá ẹ̀yìn láé. Ó ń pani.

3. Fún wákàtí 48 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà bí ẹ bá ń kó ìtọ̀, ìgbẹ́ tàbí èébì rẹ̀, kí ẹ sì fọ aṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Kí aláboyún má fọwọ́ kàn án.

4. Bí ibà bá tó 38°C, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

5. Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kó má gba ààwẹ̀. Ẹni tí dókítà bá gbà láàyè lè lo hóró náà ní sàárì tàbí ìṣínu. Oúnjẹ kò dí i lọ́wọ́. Bí ojú abẹ́rẹ́ kò bá gbọdọ̀ kan omi, ẹ bi àáfà yín léèrè nípa àlùwàlá.

Owó ìtọ́jú yìí wọ̀ọ̀yàn lọ́rùn. Ẹ̀yin jamaa, ẹ rántí pé aláìní àti onígbèsè wà lára àwọn tí sàká tọ́ sí. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ kí a máa wá ìwòsàn. Àdúà àti oògùn kì í bára wọn jà.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.