Owó-iṣẹ́ tàbí Owó-àdéhùn? Àlàyé lórí Owó Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

1. Ìfáárà

Bí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú bá ń san owó fún adìwé ní iye ìwé tí ó dì, ẹni tí ó di igba ìwé yóò gba ìlọ́po méjì owó ẹni tí ó di ọgọ́rùn-ún. Bákan náà ni ti aránṣọ ní Bàrígà tí ó ń gbowó lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Irú owó báyìí ni owó-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí olùtumọ̀ bá lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún owó ọdọọdún àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ti sọ láìfura pé owó náà bá iṣẹ́ wọn dọ́gba. A fẹ́ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

2. Àpẹẹrẹ Méjì

Ìlú Athens ni a bí Giannis Antetokounmpo sí ní 1994. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ kí a tó kọ ọ́ ní ìlànà Gíríìkì. Ní sáà 2016–17, òun ni ó ṣíwájú ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks nínú àmì ayò àti nínú ohun mẹ́rin mìíràn tí a fi ń wọn iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ìpíndọ́gba àmì ayò rẹ̀ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan jẹ́ 22.9, owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 dọ́là. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, ìpíndọ́gba náà di 26.9, owó sì di nǹkan bíi mílíọ̀nù 22.5. Àmì ayò kò fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà lọ. Owó di ìlọ́po méje ààbọ̀.

Kí a má baà rò pé ọ̀dọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ jẹ́ kí a wo Michael Jordan. Ní 1995–96, ẹgbẹ́ Chicago Bulls borí nínú ìdíje 72. Owó rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 4. Ní 1996–97, wọ́n borí nínú 69. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 30.

3. Ìdí Rẹ̀

Àdéhùn ni ó ń pinnu owó. Èyí tí Jordan ṣe fún ọdún mẹ́jọ ní 1988 ni ó dè é títí di 1996. Àdéhùn àkọ́kọ́ ti Antetokounmpo, ti 2013, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní 2016–17. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, kí sáà náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ni ó ti fọwọ́ sí èyí tí ó sọ owó rẹ̀ di ńlá. Àjọ NBA pẹ̀lú fi gbèdéke lé owó ẹgbẹ́ láti sáà 1984–85, àti lé owó ẹnì kọ̀ọ̀kan láti 1999. Iṣẹ́ kò ṣàì kan owó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òní, àdéhùn tí ń bọ̀ ni yóò san ẹ̀san rẹ̀.

4. Ìkádìí

A dábàá owó-àdéhùn fún owó ọdọọdún wọn, iṣẹ́-ojú-pápá fún ohun tí wọ́n ṣe nínú ìdíje, àti gbèdéke-owó fún òpin tí òfin pa. Bí a bá ya ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kà pé agbábọ́ọ̀lù kan ń gba ìlọ́po mẹ́wàá owó èkejì kò ní rò pé ó mọ̀ ọ́n gbá ní ìlọ́po mẹ́wàá.